Ó Kú Ni, tàbí Ó Dákú? Ọ̀rọ̀ lórí Kọ̀ǹpútà Tí Ń Já Atofídíò Kulẹ̀

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò lónìí jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n ọ̀nà èdè ni n óò gbà wọ inú rẹ̀, nítorí pé èdè ni iṣẹ́ tí mo kọ́. Ìbéèrè náà nìyí: kí ni ó fà á tí kọ̀ǹpútà inú ilé, tí a fi ń tẹ ìwé, tí a fi ń wo fíìmù, tí kò sì yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu, yóò ṣe máa kú ní kété tí a bá fi to fídíò? Ọ̀nà wo sì ni a lè gbà mọ ibi tí àrùn náà fi ara pamọ́ sí, kí a má baà náwó sí ibi tí kò dùn ún?

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ènìyàn díẹ̀ ni èyí ní agbègbè Ọ̀jọ́, Ìbà àti Òkokomáíkò. Ọjà Alábà, níbi tí a ti ń ta ẹ̀rọ láti orí rédíò títí dé orí kọ̀ǹpútà, wà ní Ọ̀jọ́. Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó, tí a dá sílẹ̀ ní 1983 nígbà ìjọba Lateef Jakande, wà ní Ọ̀jọ́ bákan náà. Bí a bá sì gba ọ̀nà Àgbádárìgì kọjá Òkokomáíkò, a óò dé Ìjànikín, níbi tí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ tí ó di Yunifásítì Ẹ̀kọ́ Ìpínlẹ̀ Èkó ní 2022 wà. Níbi tí ọjà ẹ̀rọ àti ilé-ẹ̀kọ́ gíga bá ti fi ara kan ara báyìí, kò ní ṣàì sí ọ̀dọ́ tí ń to fídíò nínú yàrá. Òun ni ń to ti ìgbéyàwó, òun ni ń to ti ìsìnkú, òun náà ni ń to ti ìwàásù ọjọ́ Ìsinmi àti ti iṣẹ́ àṣekágbá àwọn akẹ́kọ̀ọ́.

Nígbà ayé téèpù fídíò, lẹ́yìn tí àwọn fíìmù bíi Living in Bondage ti Kenneth Nnebue ní 1992 àti Ti Olúwa Nilẹ̀ ti Túndé Kèlání ní 1993 ti fi hàn wá pé a lè ta eré lórí téèpù tààrà fún aráyé, Alábà di ọ̀kan nínú àwọn ibi tí a ti ń kó téèpù eré lọ sí oríṣiríṣi ìlú. Láyé ìgbà náà, ẹ̀rọ téèpù méjì ni a fi ń to fídíò: ọ̀kan ń sọ, èkejì ń gbà á sílẹ̀. Bí iná bá lọ, a ó dá téèpù padà sẹ́yìn, a ó sì máa bá iṣẹ́ lọ láti ibi tí ó dúró sí. Lónìí, gbogbo iṣẹ́ náà ti kó sínú àpótí kan ṣoṣo tí ó wà lórí tábìlì ẹ̀gbẹ́ ibùsùn. Bí àpótí náà bá kú, gbogbo rẹ̀ ni ó kú pọ̀.

Ẹ má ṣe fi ojú kékeré wo ohun tí ó wà nínú rẹ̀. A kì í sin òkú lẹ́ẹ̀mejì nítorí fídíò. Ẹni tí ó gba àsansílẹ̀ owó lórí ìsìnkú ìyá arúgbó kan, tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ sì gbé gbogbo àwòrán náà mì, kò rí ohun tí yóò sọ fún àwọn ọmọ olóògbé. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó yẹ kí ó fi iṣẹ́ rẹ̀ lélẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé kò rí ẹni tí yóò gbà á gbọ́ pé ẹ̀rọ ni ó kú. Ẹ̀yin olùkọ́ náà mọ ohun tí ojú rí ní 2020, nígbà tí a ti ilé-ẹ̀kọ́ pa nítorí àrùn Kòrónà, tí ọ̀pọ̀ nínú yín ní láti máa ya ẹ̀kọ́ sínú fóònù, kí ẹ sì tò ó lórí kọ̀ǹpútà tí kò ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ rí.

Nígbà tí ẹ̀rọ bá dá iṣẹ́ sílẹ̀ báyìí, kí ni a máa ń sọ fún atúnẹ̀rọṣe? A óò ní, “Ó ti bàjẹ́.” Bí a bá fẹ́ ṣe àlàyé, a óò ní, “Kò ṣe dáadáa mọ́; ó dà bí ẹni pé ó ti kó fáírọ́ọ̀sì.” Èsì tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn yóò fọ̀ ni pé, “A óò bá yín fọ́máàtì rẹ̀.” Wọn a nu inú ẹ̀rọ náà mọ́ tónítóní, wọn a gba owó, ẹ̀rọ a dé ilé, ní ọjọ́ kẹta ó tún kú. N kò dá atúnẹ̀rọṣe lẹ́bi pátápátá. Bí aláìsàn bá dé ọ̀dọ̀ onísègùn, tí kò sọ ju “ara mi kò dá” lọ, àgbo wo ni onísègùn yóò ṣe já ewé rẹ̀?

Ohun tí ó yà mí lẹ́nu ni pé a ní ọ̀rọ̀ fún un. Ẹ tẹ́tí sí àwọn ọmọ tí ń to fídíò ní Òkokomáíkò bí wọ́n bá ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Wọn kì í sọ pé ó bàjẹ́. Wọn a ní ẹ̀rọ náà *kú*, tàbí pé ó *dákú*, tàbí pé ó *gan*, tàbí pé iṣẹ́ náà *jábọ́*. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin ni wọ̀nyí, ọ̀kan kò sì jọ èkejì. Ẹ̀rọ tí ó kú ni èyí tí ó pa lójijì bí ẹni fa wáyà rẹ̀ yọ lára ògiri, tí kò sọ̀rọ̀ ìdágbére kankan. Èyí tí ó dákú ni èyí tí ojú rẹ̀ yí padà, tí ó kọ ọ̀rọ̀ sára gíláàsì, tí ó sì tún ara rẹ̀ tàn. Èyí tí ó gan dúró gbagidi ni: iná ń tàn, àwòrán wà lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò gbọ́ ohun tí a ń tẹ̀. Ní ti jíjábọ́, kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ wà láàyè. Ètò ìtofídíò nìkan ni ó pa, tí ó sì lé wa síta. Ẹni tí ó bá lè sọ èyí tí ó ṣẹlẹ̀ nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti ṣe ìdajì iṣẹ́ atúnẹ̀rọṣe fún un.

Kí a tó mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó yẹ kí a mọ ìdí tí ó fi jẹ́ pé fídíò ni ó ń tú àṣírí ẹ̀rọ. Tẹlifíṣọ̀n wa ní Nàìjíríà ń fi àwòrán 25 hàn láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí àwòrán kọ̀ọ̀kan bá jẹ́ ti ìwọ̀n tí ó wọ́pọ̀ nísinsìnyí, àmì kéékèèké 1,920 ni ó wà ní ìbú rẹ̀ àti 1,080 ní òró rẹ̀, èyí tí ó jẹ́ 2,073,600 lápapọ̀. Àmì kọ̀ọ̀kan ní àwọ̀ mẹ́ta tí a gbọ́dọ̀ kọ sílẹ̀. Bí a bá ṣe ìṣirò rẹ̀, a óò rí i pé àwòrán ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo tó mẹ́gábáìtì 155, ti ìṣẹ́jú kan sì lé ní gígábáìtì 9. Kò sí káàdì kámẹ́rà tí yóò gba ìyẹn fún ayẹyẹ ọjọ́ kan. Nítorí náà, kámẹ́rà a máa dọ́gbọ́n: yóò kọ àwòrán kan sílẹ̀ ní kíkún, nínú àwọn tí ó tẹ̀ lé e, kìkì ohun tí ó yí padà ni yóò kọ. Ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ máa ń kọ “bíi ti òkè” sínú ìwé àkọsílẹ̀ mọ ọgbọ́n yìí dáadáa. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ṣí ìwé náà láàárín, tí ó bá “bíi ti òkè” pàdé, ní láti padà sí òkè kí ó tó mọ ohun tí a wí. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni kọ̀ǹpútà ń padà sí òkè ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá gé fídíò, tí ẹ sì tún un lẹ̀.

Nígbà tí ó bá wá di àsìkò tí a óò hun gbogbo rẹ̀ pọ̀ di fídíò kan, èyí tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní rẹ́ńdà, ọpọlọ ẹ̀rọ náà yóò ṣiṣẹ́ pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀ fún ìṣẹ́jú 30 tàbí wákàtí kan láìsinmi. Ẹni tí ń tẹ lẹ́tà ń fún kọ̀ǹpútà ní ìsinmi láàárín lẹ́tà kan sí èkejì. Rẹ́ńdà kò fún un ní ìsinmi rárá. Àìsàn tí ó ti wà lára ẹ̀rọ láti ọdún kan sẹ́yìn, tí ìwé títẹ̀ kò jẹ́ kí a mọ̀, ni rẹ́ńdà yóò fi hàn láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Ohun kan ṣáájú ohun gbogbo: kí ẹnikẹ́ni tó fi ọwọ́ kan ẹ̀rọ tí ń ṣàìsàn, ẹ da àwòrán inú rẹ̀ kọ sí ibòmíràn. Ẹ má ṣe nu káàdì kámẹ́rà títí iṣẹ́ yóò fi dé ọwọ́ oníṣẹ́. Kí ẹ̀dà àwòrán náà jẹ́ méjì ó kéré tán, kí ọ̀kan má sì gbé inú kọ̀ǹpútà tí ń kú. Ọ̀pọ̀ ọmọ iṣẹ́ ni kò mọ̀ pé fáìlì iṣẹ́ tí wọ́n ń fi pamọ́ ní gbogbo ìgbà kò ní àwòrán kankan nínú. Ìwé ìlànà lásán ni: ó ń sọ pé kí a gé àwòrán báyìí níbí, kí a so ó mọ́ tọ̀hún. Ó kéré dé ibi pé ẹ lè fi í ránṣẹ́ sí ara yín lórí íméèlì ní alaalẹ́, ó sì yẹ kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí àwòrán bá ti lọ, ìwé ìlànà kò wúlò mọ́.

Ẹ jẹ́ kí a wá mú èyí tí ó *kú*, nítorí pé òun ni ó wọ́pọ̀ jù ní agbègbè wa. Ohun méjì ni ó sábà máa ń pa ẹ̀rọ ní irú ọ̀nà yìí: iná mànàmáná àti ooru. Aago ni a fi ń mọ ìyàtọ̀ wọn. Bí ẹ̀rọ bá kú ní kété tí rẹ́ńdà bẹ̀rẹ̀, tàbí nígbà tí aládùúgbò tan áyọ́ọ̀nù tàbí ẹ̀rọ tí ń fa omi, ẹ fura sí iná. Bí ó bá ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú 15 kí ó tó kú, tí ẹ tún un tàn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, tí ó sì tún kú lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ fura sí ooru, nítorí pé kò tíì tutù kí ẹ tó tún un rán níṣẹ́. Fáírọ́ọ̀sì kì í mọ ìgbà tí ìyá ilé kejì ń lọ aṣọ.

Iná tí ó yẹ kí ó máa wọ ilé wa ni ti fólíìtì 230. Níbi tí yàrá púpọ̀ bá so mọ́ tiransifọ́mà kan, bí a ti ń rí i ní ọ̀pọ̀ àdúgbò Ìbà àti Òkokomáíkò, ó lè já wálẹ̀ gan-an ní ìrọ̀lẹ́ nígbà tí gbogbo ayé bá ti dé láti ibi iṣẹ́. Ẹ ra míità kékeré, kí ẹ sì kọ ohun tí ó kà sílẹ̀ ní àárọ̀, ní ọ̀sán àti ní alẹ́. Bí ó bá ń kà 170 nígbà tí kọ̀ǹpútà ń kú, tí ó ń kà 220 nígbà tí kò kú, ẹjọ́ ti parí nìyẹn. Ẹ̀rọ jẹnẹrétọ̀ kékeré alábẹ́ẹ̀rù, irú èyí tí a ń pè ní “I better pass my neighbour”, ní ìṣòro tirẹ̀. Bí ẹ̀ńjìnnì rẹ̀ bá rẹ̀wẹ̀sì, iná rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì. Bí ó bá ta gìrì, iná rẹ̀ náà ta gìrì. Rẹ́ńdà sì jẹ́ ẹrù tí ń ta gìrì.

Páwà-páàkì inú kọ̀ǹpútà, èyí tí ń pín iná fún àwọn ẹ̀yà yòókù, lè gbé ẹ̀rọ ró nígbà tí iná bá ṣẹ́jú, ṣùgbọ́n ìwọ̀n tí a ń retí lọ́wọ́ rẹ̀ kò ju nǹkan bí ìdá 16 nínú ìdá 1,000 ìṣẹ́jú àáyá kan lọ. Kò sí ọwọ́ ènìyàn tí ó lè yí súwíìṣì láti iná ìjọba sí jẹnẹrétọ̀ kíákíá tó bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyí tí ẹ̀rọ fi ń kú nígbà tí a bá ń pààrọ̀ iná, kódà bí gílóòbù kò tilẹ̀ ju ṣíṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan lọ. Àwọn tí ń lo ínfátà, kí wọ́n wo ẹ̀yìn rẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn ní ibi tí a ti lè yàn án sí ti UPS, èyí tí yóò jẹ́ kí ó pààrọ̀ iná ní nǹkan bí ìdá 10 nínú 1,000 ìṣẹ́jú àáyá. Bí a bá fi í sílẹ̀ sí ti àwọn ohun èlò ilé lásán, ó lè gbà tó ìdá 20 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Fáànù kò ní mọ̀, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà yóò mọ̀.

Olóòtú ètò yìí bi mí léèrè pé, “Ọ̀mọ̀wé, ẹni tí ó ti ra UPS ńkọ́?” Ìbéèrè náà dára. Nọ́ńbà tí a kọ sára UPS kì í ṣe wáàtì. Èyí tí a kọ 650 sí lára sábà máa ń jẹ́ nǹkan bíi wáàtì 390, bí ó bá ṣì jẹ́ tuntun. Kọ̀ǹpútà tí ó ní káàdì àwòrán ńlá lè béèrè ju ìyẹn lọ nígbà tí rẹ́ńdà bá gbóná, UPS yóò sì pa ara rẹ̀ àti kọ̀ǹpútà pọ̀ láti gba ara rẹ̀ là. Bátìrì inú rẹ̀ kì í sì í pẹ́ láyé nínú ooru. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, ọ̀pọ̀ wọn ti di ẹrù lásán tí ń dún “píì” lábẹ́ tábìlì. Àyẹ̀wò rẹ̀ kò le. Ẹ fi ẹ̀rọ sí iṣẹ́ ìdánwò tí kò ṣe pàtàkì, kí ẹ yọ UPS lára ògiri, kí ẹ sì ka iye ìṣẹ́jú tí ó lò.

Láptọ́ọ̀pù yàtọ̀ díẹ̀, nítorí bátìrì rẹ̀ ni UPS rẹ̀. Àìsàn tí ó ń bá a jà jù ni ti ṣájà. Ẹ̀rọ tí a ṣe fún ṣájà wáàtì 130, tí olówó rẹ̀ ra ṣájà wáàtì 65 rọ́pò èyí tí ó jóná, yóò máa fa bátìrì lẹ́nu rẹ́ńdà bí ó tilẹ̀ wà lára iná. Nígbà tí bátìrì bá tán, yóò kú, olówó rẹ̀ yóò sì búra pé iná kò lọ. Ẹ ka ohun tí a kọ sí ẹ̀yìn ṣájà yín.

Ní ti ooru, ọpọlọ kọ̀ǹpútà ní ibi tí kò gbọdọ̀ gbóná kọjá, èyí tí ó jẹ́ nǹkan bí 100 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́lṣíọ́sì fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn. Bí ó bá ń súnmọ́ ibẹ̀, yóò kọ́kọ́ dẹ iṣẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́. Bí ìyẹn kò bá tó, yóò pa ara rẹ̀ kí ó má baà jóná. Ẹ̀rọ tí ń fà tìkọ̀tìkọ̀ kí ó tó kú ti ń kìlọ̀ fún yín. Eruku ọyẹ́ àti ti ojú ọ̀nà a máa dí ihò tí ó fi ń mí. Ìpara tí ó wà láàárín ọpọlọ ẹ̀rọ àti irin tí ń fa ooru rẹ̀ a sì máa gbẹ lẹ́yìn ọdún díẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn tún ń gbé láptọ́ọ̀pù lé orí bẹ́ẹ̀dì, tí fóòmù a dí i nímú pátápátá. Ẹ ṣí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà, ẹ gbé fáànù ńlá kọjú sí i, ẹ sì tún rẹ́ńdà náà ṣe. Bí ó bá parí iṣẹ́ tí kò parí rí, ẹ ti rí i. Bí ẹ óò bá gbọn eruku rẹ̀, ẹ yọ wáyà rẹ̀ kúrò lára iná, ẹ fi ìka di fáànù kékeré inú rẹ̀ mú kí atẹ́gùn má baà yí i ní àyíjù, kí ẹ sì fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbọn ọ́n.

Àwọn ọmọ tí ó ti kàwé díẹ̀ a máa lọ wo Event Viewer inú Windows, wọn a rí “Kernel-Power 41” níbẹ̀, wọn a sì ní àwọn ti mọ àrùn náà. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tí nọ́ńbà yẹn ń sọ kò ju pé ẹ̀rọ tún tàn láìjẹ́ pé a pa á bí ó ti yẹ. Ó dà bí ìwé ẹ̀rí ikú tí a kọ “ó kú” sí. Àǹfààní rẹ̀ ni ọjọ́ àti wákàtí tí ó wà níbẹ̀, nítorí pé ẹ lè fi í wé ohun tí ẹ kọ sílẹ̀ láti ara míità.

Èyí tí ó *dákú* yàtọ̀, nítorí pé òun sọ̀rọ̀ kí ó tó ṣubú. Ẹ yára fi fóònù ya ọ̀rọ̀ tí ó kọ sójú gíláàsì. Òun ni ẹ̀rí tí ó níye lórí jù. Bí ó bá kọ MEMORY_MANAGEMENT, tàbí bí ọ̀rọ̀ náà bá ń yàtọ̀ lójoojúmọ́, RAM ni ẹ ó kọ́kọ́ fura sí. Rẹ́ńdà ń lo gbogbo àyè tí ó wà nínú RAM, nígbà tí ó jẹ́ pé ìwé títẹ̀ lè má dé ibi tí ó bàjẹ́ lára rẹ̀ láéláé. Windows ní àyẹ̀wò kan tí a ń pè ní Windows Memory Diagnostic, ọ̀fẹ́ sì ni. Ọ̀nà àtijọ́ náà ṣì dára: bí RAM bá jẹ́ ọ̀pá méjì, ẹ yọ ọ̀kan, kí ẹ ṣe rẹ́ńdà, ẹ dá a padà, ẹ yọ èkejì, kí ẹ tún ṣe é. Ẹ ṣọ́ra fún kí a da RAM tokunbo pọ̀ mọ́ tuntun láìwo bóyá wọ́n bára mu. Bí ó bá jẹ́ pé ojú gíláàsì ṣókùnkùn fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, tí ó sì tún padà, ìdákú káàdì àwòrán nìyẹn: bí káàdì náà kò bá dáhùn láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá méjì, Windows a jí i dìde tipátipá. Ètò tí ń darí káàdì náà ni ẹ ó kọ́kọ́ pààrọ̀, kì í ṣe káàdì fúnra rẹ̀.

Ẹ má sì rò pé òṣì tàbí àìmọ̀ tiwa ni ó ń fa gbogbo rẹ̀. Ní 2024, ilé-iṣẹ́ Intel ní Amẹ́ríkà gbà ní gbangba pé àwọn kan nínú ọpọlọ kọ̀ǹpútà ìran kẹtàlá àti ìkẹrìnlá tí àwọn ṣe fún ẹ̀rọ orí tábìlì ń gba fólíìtì tí ó pọ̀ jù, tí ó sì ń bà wọ́n jẹ́ díẹ̀díẹ̀. Wọ́n ṣe àtúnṣe tí a lè fi sínú ẹ̀rọ, wọ́n sì fi ọdún méjì kún ìdánilójú tí wọ́n ṣe fún àwọn tí ó rà á. Ẹni tí ó ra irú rẹ̀, kí ó béèrè bóyá a ti ṣe àtúnṣe náà sí tirẹ̀.

Bí ẹ̀rọ bá *gan*, ebi ni ó sábà máa ń pa á. RAM gígábáìtì 4 tàbí 8 tí ó tó fún ìwé kò tó fún fídíò ọlọ́pọ̀ ìlà. Nígbà tí ó bá kún, kọ̀ǹpútà a máa fi háàdì-dísíìkì ṣe RAM, a sì máa rìn bí ìgbín. Ẹ ṣí Task Manager kí ẹ wo èyí tí ó kún nínú RAM àti dísíìkì. Àtúnṣe tí kò gba owó wà: ẹ jẹ́ kí ètò ìtofídíò ṣe ẹ̀dà kékeré àwòrán yín, kí ẹ fi ẹ̀dà náà ṣiṣẹ́, nígbà tí ó bá di rẹ́ńdà, yóò padà sí àwọn ojúlówó fúnra rẹ̀. DaVinci Resolve tí kò gba owó lè ṣe é, Kdenlive náà lè ṣe é. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbọ́ tí háàdì-dísíìkì ń dún kọ́-kọ́-kọ́ nínú àpótí, ẹ má dán ohunkóhun wò mọ́. Ẹ da ohun tí ó wà nínú rẹ̀ kọ lójú ẹsẹ̀, nítorí pé ó lè má jí ní ọ̀la.

Ó ku èyí tí ó *jábọ́*, òun ni ó sì dùn mọ́ mi jù, nítorí pé ẹnikẹ́ni tí ó ní sùúrù lè yanjú rẹ̀ láìní irinṣẹ́. Ìbéèrè kan ni ó wà níbẹ̀: ṣé ojú kan náà ni ó ti ń jábọ́? Bí ó bá jẹ́ ojú kan náà ni, ẹ̀rọ yín kò ní àrùn. Nǹkan kan wà nínú iṣẹ́ náà tí kò gbé e mì. Ká ní fídíò ìsìnkú náà jẹ́ ìṣẹ́jú 40. Ẹ ṣe rẹ́ńdà ìlàjì àkọ́kọ́ nìkan. Bí ó bá parí, ìlàjì kejì ni ìkà náà wà. Ẹ tún ìlàjì náà pín sí méjì. Ìṣẹ́jú 40 di 20, ó di 10, ó di 5, ó di 2 àti ààbọ̀. Ní ìpín karùn-ún, ìṣẹ́jú àáyá 75 péré ni ó kù tí ẹ óò yẹ̀ wò. Ohun tí ẹ óò bá níbẹ̀ lè jẹ́ àwòrán tí káàdì kò gbà tán, tàbí ẹwà kan tí a fi kún lẹ́tà àkọlé, tàbí fídíò tí ọmọ olóògbé kan fi ránṣẹ́ láti ìlú òyìnbó lórí WhatsApp. Fídíò fóònù kì í ní iye àwòrán kan náà ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Ó lè jẹ́ 30 nísinsìnyí, kí ó di 24 láìpẹ́, èyí sì ń da ètò mìíràn lórí rú. Ètò ọ̀fẹ́ tí a ń pè ní HandBrake lè sọ iye rẹ̀ di ọ̀kan ṣoṣo kí ẹ tó gbé e wọlé.

Bí kò bá jẹ́ ojú kan náà ni ó ti ń jábọ́, ẹ wo ibi tí ẹ ti rí ètò ìtofídíò náà. Èyí tí a jí gé, tí a ń dà fún ara wa láti inú fílááṣì dé inú fílááṣì, ni a ti já ìdè rẹ̀ lọ́nà tí ẹni tí ó ṣe é kò mọ̀ sí. N kò rí ìdí tí a ó fi gbé iṣẹ́ oníṣẹ́ lé e lórí, nígbà tí a lè rí àwọn tí kò gba owó tí kò sì jẹ́ ti olè.

Nínú gbogbo àyẹ̀wò yìí, ohun kan ṣoṣo ni kí ẹ máa yí padà lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tí ó gbọn eruku, tí ó pààrọ̀ RAM, tí ó sì ra UPS tuntun ní ọjọ́ kan náà lè rí ìwòsàn lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò ní mọ èyí tí ó wò ó sàn nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, yóò sì tún san owó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní ọdún tí ń bọ̀.

Bí ọ̀rọ̀ bá wá ju agbára yín lọ, tí ẹ gbọ́dọ̀ gbé ẹ̀rọ lọ sí Alábà tàbí sí ọ̀dọ̀ atúnẹ̀rọṣe ẹ̀gbẹ́ Ìyánà-Ìbà, ẹ kọ ìwé kékeré lé e lórí, kí ó lọ báyìí: “Ó ń kú, kì í dákú. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ní ọ̀sẹ̀ yìí, gbogbo rẹ̀ lẹ́nu rẹ́ńdà, láàárín ìṣẹ́jú 12 sí 18. Iná wà ní 215 nígbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí mo wọ̀n ọ́n. Pẹ̀lú fáànù ńlá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó lo ìṣẹ́jú 41, ó sì parí iṣẹ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi wo ìpara àti fáànù rẹ̀. Ẹ má ṣe nu ohunkóhun nínú rẹ̀.” Bí atúnẹ̀rọṣe bá ka ìwé yìí tán, tí ó sì tún ní òun fẹ́ fọ́máàtì rẹ̀, ẹ fi pẹ̀lẹ́ bi í léèrè pé, “Ẹ̀gbọ́n, ìlà wo nínú ìwé yìí ni ó sọ bẹ́ẹ̀?” Bí kò bá rí ìlà náà fi hàn yín, ẹ gbé ẹ̀rọ yín dání kí ẹ kọjá sí ṣọ́ọ̀bù kejì.